Ìbéèrè Ẹ̀gbọ́n Nípa Àyà

Ìka ni mo fi ń rántí ẹ̀gbọ́n kan tó háyà yàrá nílé wa ní Sùúrùlérè, lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Ọsibítù ló ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́dọọdún, á bi àwọn èèyàn kan náà ní ìbéèrè kan náà, á wá ṣírò bí ewu àrùn ọkàn ṣe ń pọ̀ sí i lára wọn. Á fi ìka fa ìlà sínú afẹ́fẹ́ láti fi bó ṣe rí hàn wá: "Tàwọn obìnrin rèé, ó ń gòkè. Tàwọn ọkùnrin rèé, ó tẹ́jú." Ó sì ń yà á lẹ́nu, torí ọkùnrin là ń sin jù ládùúgbò.

Lọ́jọ́ kan, ó kan bàbá onílé wa.

"Bàbá, ṣé àyà yín máa ń já?"

"Èmi kẹ̀? Ta ni mo fẹ́ bẹ̀rù? Lọ bi ìyàwó mi!"

A rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀gbọ́n ò rẹ́rìn-ín. Bí gbogbo ọkùnrin ṣe ń dá a lóhùn nìyẹn. Wọ́n rò pé ó ń pè wọ́n ní ojo.

"Ẹ má bínú, sà. Tí ẹ bá gun àtẹ̀gùn, ṣé ọkàn yín kì í lù kìkìkì?"

"Ìyẹn? Ojoojúmọ́ ni. Àmọ́ èmi kì í ṣe ojo!"

Ló bá fi ìbínú sáré gun àtẹ̀gùn lọ sókè. Ẹ̀gbọ́n dìde, ó ní ká dákẹ́. À ń gbọ́ ẹsẹ̀ bàbá lórí pákó àtẹ̀gùn, àfi bó ṣe dá dúró lójijì kó tó dókè, ni Ẹ̀gbọ́n bá sáré tẹ̀ lé e.