Ọdún Tí Mo Fẹsẹ̀ Rìn Ní Ìbàdàn

Lórí afárá Mọ́kọ́lá ni nǹkan náà ti kọ́kọ́ ṣe mí, lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Ṣàngó ni mo ti wọ tákísí tó ń lọ sí Dùgbẹ̀. Àwa mẹ́ta la jókòó sẹ́yìn, èmi ni mo wà láàárín. Bí a ṣe gun orí afárá ni súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá wa dúró. Láìnídìí, àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì. Ọwọ́ mi kú, òógùn bò mí, mo ń mí, èémí ò dé inú. Ó dá mi lójú pé mo fẹ́ kú.

"Ẹ jẹ́ n sọ̀kalẹ̀," mo sọ fún awakọ̀.

"Lórí bíríìjì, àǹtí? Ẹ jẹ́ ká dé ìsàlẹ̀ ná."

N kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Mo gba orí itan ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kọjá, mo ṣílẹ̀kùn, mo bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo fi máa rìn dé ìsàlẹ̀ afárá, ara mi ti balẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Dókítà tó yẹ̀ mí wò lọ́jọ́ kejì lẹ ẹ̀rọ mọ́ mi láyà, ó ní ọkàn mi dá ṣáṣá, kí n lọ sinmi. Mo sinmi. Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí tó tún fi ṣe mí ní Ṣàngó, nínú ọkọ̀ tí kò tíì gbéra. Láti ọjọ́ náà ni mo ti jáwọ́ nínú ọkọ̀ wíwọ̀.

Kò kọ́kọ́ jọ ìṣòro. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni mí nígbà náà, mo ń dá gbé ní Bódìjà, iṣẹ́ ìjọba ni mo ń ṣe, ọ́fíìsì mi sì wà ní Sẹkitéríàtì, níbi tí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé. Ọjà ò jìnnà sí mi. Àmọ́ gbogbo ibi yòókù ní Ìbàdàn bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ṣílé ní Jẹ́ríkò, mo ní ibà ń ṣe mí. Ó bímọ, mo ní iṣẹ́ pọ̀. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kò pè mí mọ́, n kò sì lè bá a wí. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ohùn mi. Mo máa ń pẹ́ lọ́dọ̀ ìyá tó ń ta tòmátì, mo máa ń bi í léèrè ohun tí n kò fẹ́ rà, kí n ṣáà lè bá èèyàn sọ̀rọ̀.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tí mo ń lọ ní Àgbówó, mo sọ pé àyà mi máa ń já láìnídìí, wọ́n ní kí n gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbà á. Wọ́n gbọ́wọ́ lé mi lórí, wọ́n sì gbàdúrà fún mi tọkàntọkàn, ìyá àgbà kan tiẹ̀ ń sunkún nítorí mi. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n bi mí pé, "Ṣé ó ti lọ?"

"Ó ti lọ," ni mo dáhùn. N kò fẹ́ kí wọ́n rò pé ìgbàgbọ́ mi ló kéré. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn padà sílé.

Lẹ́yìn náà ni ìyá wa kú ní Ìkàrẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń gbé ní Challenge, háyà bọ́ọ̀sì fún àwa ẹbí tó wà ní Ìbàdàn, a sì pàdé ní Ìwó Road ní kùtùkùtù. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà gan-an. Wọ́n ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ ṣí i," mo ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i."

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú padà. "Kí lo gbàgbé?"

"Kò sí. Ẹ máa lọ, màá wá bá yín."

Ó bọ́ sílẹ̀ tẹ̀ lé mi. "Ìyá wa la fẹ́ lọ sin o!"

"Mo mọ̀, bọ̀ọ̀dá mi."

"Àbí torí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn ni?" A ti ṣe gbólóhùn asọ̀ díẹ̀ lórí ilẹ̀ bàbá wa. Báwo ni màá ṣe sọ fún un pé mọ́tò ló ń bà mí lẹ́rù? Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó wọkọ̀ padà, wọ́n lọ.

Orí fóònù ni mo ti wo ìsìnkú ìyá mi, nínú yàrá mi. Àwòrán náà ń dúró, ó ń lọ. Mo rí pósí, mo rí bàtà àwọn èèyàn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ da erùpẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi ò pè mí mọ́.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé mi lọ sí ọ́fíìsì wa ní Ring Road. Mo ń fi ilé sílẹ̀ láago márùn-ún ìdájí, màá gba Mọ́kọ́lá, Dùgbẹ̀, Ọ̀kè-Àdó, màá sì tún rìn padà ní ìrọ̀lẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, èékánná ẹsẹ̀ mi kan bọ́. Ọ̀gá mi, obìnrin tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, bá mi níbi tí mo ti ń fọ ẹ̀jẹ̀.

"Níbo lo ti ń rìn bọ̀?"

"Bódìjà, mà."

Ó dojú bọ́kẹ́ẹ̀tì dé, ó jókòó lé e. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo sọ fún pé ọkọ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àbúrò òun kan kì í lè wọ ibi tí èrò bá pọ̀ sí, pé ó lọ rí dókítà ọpọlọ, ó sì sàn. Mo fi ìborùn bojú lọ sọ́dọ̀ dókítà náà, kí ojúlùmọ̀ kankan má baà rí mi.

"Ẹ ò ya wèrè, mà," ni dókítà náà, obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, sọ. "Ìpayà òjijì ni. Bí èèyàn bá rí ejò, àyà rẹ̀ á já, ẹsẹ̀ rẹ̀ á múra eré. Ara yín ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbi tí ejò ò sí. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá sì bọ́ sílẹ̀, ara yín á gbà pé bíbọ́ tẹ́ ẹ bọ́ sílẹ̀ ló gbà yín là."

"Kí wá ni kí n ṣe?"

"Ẹ jókòó tì í. Á gòkè, kò ní pa yín, á sì wálẹ̀ fúnra rẹ̀."

A bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo kọ́kọ́ jókòó sínú ọkọ̀ aládùúgbò mi tí wọ́n páàkì. Lẹ́yìn náà, mo wọ kẹ̀kẹ́ fún ibùdókọ̀ kan péré, lẹ́yìn náà méjì. Ìgbà mìíràn wà tí mo sá bọ́ sílẹ̀, tí mo sì sunkún lẹ́bàá títì. Ní oṣù kẹta ìtọ́jú náà, ìpayà náà dé bá mi nínú tákísí láàárín Dùgbẹ̀ àti Ọ̀kè-Àdó. Mo di báàgì mi mú, n kò sọ̀kalẹ̀. Ó gòkè títí mo fi rò pé ó parí fún mi, ó sì wálẹ̀. Ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń bá ẹnì kan jà lórí fóònù nítorí sìmẹ́ǹtì. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo ṣe nǹkan kan. Mo délé, n kò rí ẹni sọ fún, mo se ẹ̀wà, mo sùn.

Nígbà tó yá, mo wọkọ̀ lọ sí Challenge, mo kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi, mo sì ròyìn gbogbo rẹ̀.

"Ọkọ̀?" ni ó wí. "Ọkọ̀ lo ń bẹ̀rù? Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ojú ń tì mí ni."

Ó dìde, ó wọ yàrá lọ, ó sì pẹ́ níbẹ̀ débi pé mo ti ń múra àtilọ. Ó wá jáde. "Ní Sátidé, màá gbé ọ lọ síbi sàréè ìyá wa. Tó bá ti ń ṣe ọ́, sọ fún mi, màá páàkì."

"Ẹ má páàkì, bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ máa lọ ni."

A kọjá Ilé-Ifẹ̀ tán ló dé. "Ó ti dé," mo ní. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ẹ̀rù ba òun náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sórí búréèkì.

"Ká ṣì máa lọ?"

"Ẹ máa lọ."

Ó ń lọ. Kò tan rédíò. Nígbà tó wálẹ̀, mo ní kó nawọ́ omi sí mi.

Ọ̀sán la dé Ìkàrẹ́. Koríko ti yọ ní etí sìmẹ́ǹtì sàréè náà. Ẹ̀gbọ́n mi dúró sẹ́nu géètì, ó ní kí n máa lọ, òun ti kí i ní tòun. Mo jókòó sílẹ̀, mo ń fa koríko náà tu lọ́kọ̀ọ̀kan.