Ìwé Ìpàdé Ẹbí Dé Kóòtù

Èmi ni mò ń kun àga fún Màmá Wẹ́dà, kò sẹ́ni tó lè tàn mí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Opó ni. Òun ló ronú kan bíréèkì tó ń de àga onítáyà fúnra rẹ̀ bí aláìsàn bá ti fẹ́ dìde lórí ẹ̀. Ìjọba fún un níwèé pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣe é láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Àbúrò ọkọ rẹ̀, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, jí i ṣe láìtijú, ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó fẹ́ ra igba àga.

Lọ́yà Màmá ní ẹjọ́ gan-an lè gba ọdún méjì, ilé ìwòsàn ò sì ní dúró. Ohun tó lè gbà á ni kí adájọ́ kọ́kọ́ pàṣẹ kí ọkùnrin náà dáwọ́ dúró títí ẹjọ́ á fi parí. Ó ní kó tètè wá sí kóòtù, torí ẹni tíná ń jó kì í jókòó, adájọ́ á sì ka iye ọjọ́ tó bá fi jókòó.

Màmá ti múra tán nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ dé pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Ó ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, kó jẹ́ kí ẹbí parí ẹ̀. Màmá gbà nítorí ọ̀wọ̀. Ìpàdé àkọ́kọ́, àbúrò ò yọjú. Ìkejì, ẹ̀yìn ń dun ẹ̀gbọ́n. Ìkẹta, wọ́n ṣàdúrà, wọ́n sún un síwájú. Akọ̀wé ẹbí ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Mo sọ fún Màmá pé wọ́n ń fi í ṣeré. Ó ní kí n gbájú mọ́ ọ̀dà mi.

Oṣù kẹrin ló tó dé kóòtù. Lọ́yà àbúrò rẹ́rìn-ín músẹ́, ó na àwọn ìwé ìpàdé ẹbí sí adájọ́, pẹ̀lú déètì lórí ìkọ̀ọ̀kan. Ó ní bó bá ká obìnrin yìí lára, kí ló ń ṣe láti oṣù mẹ́rin? Adájọ́ ní òun ò rí ohun tó jẹ́ kánjúkánjú níbẹ̀, ó kọ̀ láti pa àṣẹ náà. Ọ̀la ni ilé ìwòsàn máa buwọ́ lùwé fún àbúrò. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kóòtù, ẹ̀gbọ́n ọkọ wá ń sọ pé Ọlọ́run ló mọ ohun tó dáa jù. Màmá kọjú sí i.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ̀yin lẹ kó ìwé yẹn fún wọn?"

Ó wo bàtà ara rẹ̀. "Àbúrò mi ni."

"Èmi ńkọ́?"

"Ìyàwó ni ìwọ. Ìwọ náà ṣáà mọ̀."

Ọdún méjìlélógún ló ti ń pe ọkùnrin yẹn ní bọ̀ọ̀dá.