Òwú Àràbà Lọ́jọ́ Tí A Sun Oko

Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, àárọ̀ Sátidé kejì nínú oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún tí mo parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Mo mọ aago náà nítorí pé bàbá mi kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí èmi fúnra mi rántí ni òórùn: òórùn erùpẹ̀ tí ọyẹ́ ti fà gbẹ, òórùn òdòdó máńgòrò tó dà bí oyin tó fẹ́ẹ́ kan, àti ti àkàrà tí ìyá mi ń dín lẹ́yìnkùlé ilé wa ní Ìpótì. Kò sí afẹ́fẹ́ rárá. Igi àràbà kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì tó kọjú sí wa. Èso rẹ̀ ti là, òwú rẹ̀ sì ń bọ́ sílẹ̀ tààrà, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé okùn ni wọ́n fi ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo wò ó títí àkàrà mi fi tutù.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bàbá mi fi kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì káàkiri kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì wá sílé. Ohun tí wọ́n mú bọ̀ láti ẹnu iṣẹ́ náà ni ìwé ńlá kan tó ní ẹ̀yìn dúdú, Ìwé Ojúmọ́ ni wọ́n ń pè é. Gbogbo ohun tí ojú wọn bá rí lóòjọ́ ló ń wọnú rẹ̀, ìbáà ṣe òjò tàbí adìẹ. Lẹ́yìn àdúrà àárọ̀, wọn á ka ohun tó ṣẹlẹ̀ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ láwọn ọdún tó ti kọjá sí wa létí. Ìwọ náà mọ bí àwọn tíṣà ṣe máa ń kàwé, bí ẹni pé kíláàsì kan ṣì jókòó síwájú wọn.

"Lónìí, ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, adìẹ dúdú pa ọmọ mẹ́sàn-án, àwòdì gbé méjì. Ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, wọ́n mú iná wá fún wákàtí mẹ́fà, a lọ gbogbo aṣọ. Òwú àràbà ń fò. Ní ọdún méje sẹ́yìn, agbálùmọ̀ tán lọ́jà. Òwú àràbà ń fò. Òjò àkọ́rọ̀ dé nírọ̀lẹ́."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti wọlé ní tiwọn, wọ́n sì ti mú àkàrà méjì. Àgbẹ̀ ni wọ́n, wọn ò fi Ìpótì sílẹ̀ rí. "Tíṣà," wọ́n ní, "adìẹ tó pa ọmọ mẹ́sàn-án yẹn, máàkì mélòó lo fún un?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, bàbá mi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n wọn ò pa ìwé náà dé.

Níbí ni ọ̀rọ̀ tèmi ti wọ̀ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, mo ti kó gbogbo ọjọ́ òjò àkọ́rọ̀ inú ìwé náà sínú kọ̀ǹpútà mi. Ọdún mẹ́jọ péré, láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ló wà níbẹ̀. Nínú mẹ́fà, òjò ti rọ̀ kí Sátidé kejì nínú Ẹrẹ́nà tó kọjá. Mo sọ ọ́ fún bàbá mi bẹ́ẹ̀ gan-an.

"Mẹ́fà nínú mẹ́jọ," wọ́n tún un sọ. "Ó dájú nìyẹn."

"Kò dájú, Dádì. Ó ṣeé ṣe ni."

"Kí ni ìyàtọ̀ méjèèjì fún àgbẹ̀?"

Mo ní èsì. Ọdún mẹ́jọ kéré. Òjò kò tíì kán rárá lọ́dún yẹn, ìṣirò mi kò sì sọ ohunkóhun nípa Sátidé náà gan-an. Ṣùgbọ́n inú bàbá mi dùn pé ọmọ wọn fi ẹ̀kọ́ yunifásítì ka ìwé wọn, inú tèmi náà sì dùn pé inú wọ́n dùn. Mo gbé èsì náà mì.

Ètò wọn ni pé kí a sun oko tuntun lọ́jọ́ náà. A ti ṣán an láti oṣù Ṣẹẹrẹ, ó sì ti gbẹ dáadáa. Bí a bá sun ún lọ́sàn-án, òjò ìrọ̀lẹ́ yóò pa ẹyin iná tó bá kù, yóò tẹ eérú mọ́lẹ̀, a ó sì gbin àgbàdo lọ́jọ́ Ajé. Lórí pépà, kò sí àléébù kan tí mo rí níbẹ̀.

"Òjò kì í kàwé o, Tíṣà," ẹ̀gbọ́n bàbá mi wí. Ọlọ́kadà tó fẹ́ gbé wọn lọ síbi ìgbéyàwó ní Ayétòrò ti ń fọn fèrè níta. "Bó bá tiẹ̀ ń bọ̀ lónìí, òun nìkan kọ́ ló ń bọ̀."

"Ẹ gbọ́, ẹ̀gbọ́n," bàbá mi dá wọn lóhùn, "mo ti gbọ́. Ẹ bá wa jẹ ìrẹsì wálé."

A rò pé àwàdà ni. Wọ́n gun ọ̀kadà, wọ́n lọ.

Nílùú wa, bí o bá fẹ́ sun oko, ẹsẹ̀ rẹ ni yóò gbé ọ dé ilé ẹni tí ẹ jọ pààlà. Wàá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wàá dárúkọ ọjọ́, onítọ̀hún á sì dá ọ lóhùn. Ohùn rẹ̀ yẹn ni ìyọ̀ǹda. Ìyá àgbà kan, opó, ló bá wa pààlà lápá ìwọ̀ oòrùn. Àwọn àti ọkọ wọn ló gbin kòkó ibẹ̀ lọ́dún tí wọ́n bí àkọ́bí wọn, wọn kò sì ní oko mìíràn. Bàbá mi kò lọ sílé wọn. Wọ́n kọ lẹ́tà, wọ́n sì ní kí akọ̀wé ìjọ kà á níbi ẹ̀kọ́ Bíbélì ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Èmi ni mo mú lẹ́tà náà lọ. Ó dára gan-an, ọjọ́ àti wákàtí wà nínú rẹ̀, ìlà sì wà lábẹ́ "aago méjì ọ̀sán". Wọ́n kà á lóòótọ́. Mo wà níbẹ̀. Ohun tí n kò wò ni bóyá ìyá náà wà níbẹ̀.

Ní aago méjì, bàbá mi ṣáná sí i. A ti ro ẹ̀gbẹ́ oko yípo kí iná má baà ré kọjá, a gbé kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́rin kalẹ̀, a sì já ewé tútù sọ́wọ́. Fún wákàtí kan àti ààbọ̀, gbogbo rẹ̀ ń lọ bí a ṣe ṣètò rẹ̀. Èéfín ń gòkè lọ ganran. Àwọn àwòdì ń yípo lókè, wọ́n ń ṣọ́ eku àti tata tó ń sá jáde. Ọ̀yà kan fò kọjá lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, bàbá mi sì ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn ò ní kọ ọ̀yà náà sínú ìwé nítorí pé a kò mú un.

Lẹ́yìn náà ni àwọn àwòdì lọ. Mo rántí èyí dáadáa, nítorí pé mo gbójú sókè láti kà wọ́n, n kò sì rí ẹyọ kan. Lápá ìlà oòrùn, ojú ọ̀run ti dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. "Òjò!" ni bàbá mi pariwo, wọ́n wo aago ọwọ́ wọn, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ìgbà yẹn ni òwú àràbà kan gba iwájú mi kọjá. Kò já bọ́ bíi ti àárọ̀. Ó ń sáré ní ìbú, láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn. Òmíràn tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ọ̀pọ̀lọpọ̀, gbogbo wọn kọrí sí oko kòkó.

Afẹ́fẹ́ dé kí n tó lanu. Èéfín tó dúró ganran wó lulẹ̀ bí ògiri. Iná fo ojú ibi tí a ro bí ẹni fo gọ́tà, ó sì wọ inú ewé kòkó gbígbẹ tó bo ilẹ̀ oko ìyá náà. Bàbá mi ń fi ewé tútù lù ú, wọ́n ń ké, "Omi! Omi!" Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin kò tó nǹkan kan. Láàárín èéfín, mo rí ahéré ìyá náà lọ́ọ̀ọ́kán, mo sì rí ìró kan lórí okùn níwájú rẹ̀, tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́.

"Dádì, aṣọ wà lórí okùn."

Bàbá mi wo ibẹ̀. N kò rí irú ojú bẹ́ẹ̀ lára wọn rí, n kò sì tíì rí i mọ́ títí dòní.

Mo gba ẹ̀bá odò tó ṣàn lẹ́yìn oko kòkó náà sáré yípo. N kò lè sọ bó ṣe pẹ́ tó. Kò sí ẹni tó ń wo aago. Inú odò ni mo ti bá ìyá náà, omi mù wọ́n dé orúnkún, wọ́n fi aṣọ tútù bo orí, korobá ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ń wúkọ́. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ọmọ Tíṣà. Ta ló finá sóko?"

"Àwa ni, mà."

"Ẹ̀yin ni. Ẹ ò sì wí fún mi."

"Dádì kọ lẹ́tà sí ṣọ́ọ̀ṣì, mà. Wọ́n kà á lọ́jọ́rú."

"Láti Ọjọ́rú ni mi ò ti sí n'úlé. Oko ni mo wà." Wọ́n tún wúkọ́. "Ṣé pépà ni mo bá pààlà ni?"

Òjò bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú. Aago yìí tún wà nínú ìwé. Àwa méjèèjì dúró nínú òjò náà títí iná fi kú. Ahéré náà ti jóná. Igi kòkó mọ́kànlélógún ló jóná ní apá ààlà. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kejì, nítorí pé àwọn kan ń sọ pé mẹ́wàá, àwọn mìíràn ní ogójì.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló mú wa lọ bẹ ìyá náà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Lójú ọ̀nà, wọn kò bú ẹnikẹ́ni. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sọ: "Ẹ̀fúùfù ló máa ń ṣíwájú òjò àkọ́rọ̀. Àgbẹ̀ kan kì í sun oko lọ́jọ́ tó bá ń retí rẹ̀. Ó yẹ kí n ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà." Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà tó yẹ kí wọ́n ti dúró sí ṣáájú. Ìyá náà ní, "Mo ti gbọ́."

Mo ka Ìwé Ojúmọ́ tán lẹ́yìn náà. Ní Sátidé yẹn, bàbá mi kọ aago òjò, wọ́n kọ ìwọ̀n omi inú agolo tí wọ́n fi ń wọn òjò, wọ́n sì kọ "Òwú àràbà ń fò." Wọn ò kọ iná. Mo ṣí àwọn ọdún òjò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí mo ti kó jọ. Gbólóhùn kan náà wà nínú gbogbo wọn, lọ́jọ́ òjò tàbí ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀: òwú àràbà ń fò. Kí ló ń mú òwú fò bí kò ṣe afẹ́fẹ́? Ọdún mẹ́jọ ni bàbá mi fi kọ ìkìlọ̀ náà sílẹ̀. Mo kó gbogbo òjò inú ìwé náà, mo sì fo gbólóhùn yẹn kọjá nítorí pé mo rò pé ọ̀ṣọ́ ọ̀rọ̀ lásán ni. Láti ìgbà náà, bí mo bá fẹ́ sọ pé "ó ṣeé ṣe" fún ẹnikẹ́ni, mo máa ń dúró kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ tún un sọ fún mi.

Àwọn ará ìjọ ní ìyá náà ti dárí jì wá. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń dá mi lóhùn bí mo bá kí wọn. Àwọn kan ní àwọn kòkó náà ti ń rúwé láti ìdí. N kò tíì lè lọ wò ó. Ohun tí mo mọ̀ dájú kò ju èyí lọ: ní Sátidé kejì nínú Ẹrẹ́nà ọdún tó tẹ̀ lé e, mo gba iwájú ilé wọn kọjá ní nǹkan bí aago méje àárọ̀. Kò sí èéfín níbì kankan. Ìyá náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kọjú sí apá oko wa. Korobá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Mo wo inú rẹ̀ nígbà tí mo tẹríba kí wọn. Omi kún un dé ẹnu.