Orúkọ Àwọn Tó Kó Sódò Ọ̀tìn

Ẹlẹ́ṣin ni bàbá mi. Kì í ṣe ẹlẹ́ṣin ọjọ́ ọdún tí ń yan lọ sí yídì o. Ẹlẹ́ṣin ogun ni wọ́n, nígbà tí àwa Ìlọrin àti àwọn ará Ìbàdàn ń pa ara wa bí ẹni tí kò bá ara tan. Nígbà tí mo fi gbọ́njú, òyìnbó ti dé, wọ́n ní ogun ti parí, gàárì tí bàbá mi fi jagun sì ti di ibi tí adìyẹ ìyá mi ń yé sí. Inú adìyẹ náà máa ń bí mi. Bàbá mi kì í lé e.

Wọn kì í sọ̀rọ̀ ogun. Ohun tí gbogbo àdúgbò mọ̀ ni pé ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin wọn kó sínú odò Ọ̀tìn lọ́jọ́ tí odò kún, tí ọ̀tá ń lé wọn bọ̀ lẹ́yìn, àti pé bàbá mi nìkan ló yè. Àwọn tó kù ò ní sàréè, ẹnikẹ́ni ò sì kírun sí wọn lára.

Lọ́dún tí àìsàn dá bàbá mi dùbúlẹ̀, mo ti níyàwó, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú. Wọ́n pè mí, wọ́n ní kí n kọ orúkọ àwọn ẹlẹ́ṣin náà sílẹ̀, kí àfáà lè dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú àdúà lọ́jọ́ fídáù àwọn. Kò sí tákàdá nílé. Mo gbé wàláà, pátákó tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ, mo po tàdáà tí mo fi ń kọ̀wé, mo jókòó tì wọ́n.

Ẹṣin ni wọ́n kọ́kọ́ ń rántí. Wọ́n á ní èyí pupa, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan funfun, ta ló gùn ún ná? Wọ́n á dijú, orúkọ á wá. Ó di nǹkan bí àkókò Jímọ̀ kí wàláà tó kún níwájú àti lẹ́yìn. Wọ́n mí kanlẹ̀, oorun gbé wọn lọ.

Láti Jímọ̀ ni mo ti gba ọjà lọ ra tákàdá. Nígbà tí mo dé, wàláà ti mọ́ tónítóní lára ògiri. Ìyá mi jókòó tì í, igbá òfìfo wà lọ́wọ́ wọn.

"Mo rí hàǹtú tí o kọ fún bàbá ẹ. Mo ti fọ̀ ọ́ fún wọn. Wọ́n mu ún tán, wọn ò ṣẹ́ ẹ kù."

Ìyá mi ò mọ̀wé. Nílé wa, ohun tó bá wà lára wàláà, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni, tí aláìsàn bá sì wà nílẹ̀, wọ́n á fi omi ṣàn án fún un mu; òun ni wọ́n ń pè ní hàǹtú. Èmi ló yẹ kí n ti sọ fún wọn. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi, mo ní wọ́n ṣeun. Kí ni mo tún lè ṣe?

Mo jókòó, mo ronú títí, márùn-ún péré ni mo rántí. Ohun tí ọwọ́ ti kọ, ta ló ń há a sórí?

Nígbà tí bàbá mi jí, mo rọra béèrè ta ló gun ẹṣin pupa yẹn. Wọ́n wá a, wọ́n wá a, òógùn bò wọ́n. Wọ́n ní ṣebí àwọn ti fún mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wí pé, "Kà á sí mi létí."

Mo tẹ́ tákàdá tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo dárúkọ márùn-ún, wọ́n ń dáhùn sí ọ̀kọ̀ọ̀kan pé, "Ọlọ́run á foríjì í." Nígbà tó kan ẹlẹ́ẹ̀kẹfà, mo dárúkọ alápatà àdúgbò wa. Wọ́n ní Ọlọ́run á foríjì í. Mo bọ́ sórí orúkọ àwọn bàbá àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní kéwú. Alààyè ni gbogbo wọn. Bàbá mi sì ń tọrọ àforíjì fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, omijé ń bọ́ lójú wọn.