Àwòrán Ìbejì Ìyá Kan ní Ìlá

Ara mi kì í lélẹ̀ rárá ní gbogbo ìgbà tí mo fi jẹ́ tíṣà kékeré ní Ìlá. Bí mo bá dúró níwájú àwọn ọmọ kíláàsì mi, ojú ọ̀nà ni mò ń wò, níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti ń da eruku pupa sílẹ̀ lọ sí Òṣogbo. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè fi kámẹ́rà alápòótí kan ránṣẹ́ sí mi, bóyá kí n lè rí nǹkan fi ọwọ́ ṣe, àfi bí ẹni pé ó tún bu epo sí iná. Mo ya ewúrẹ́, mo ya ògiri, mo ya ìyá mi níbi tó ti ń fọ àwo tó sì ń bá mi wí lórí fíìmù tí mò ń fi ṣòfò. Ìyá mi a máa ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́. Mo gbọ́ o, ṣùgbọ́n èmi ò fẹ́ mú ohunkóhun, mo fẹ́ lọ ni. Ibi tí mò ń lọ gan-an, bí ẹ bá bi mí nígbà náà, n kò lè sọ.

Ọdún yẹn ni ẹgbẹ́ ìtẹ̀síwájú ìlú kéde pé àwọn fẹ́ tẹ kàlẹ́ńdà tí a ó máa gbé kọ́ sí gbogbo ilé. Àwòrán àwọn ará ìlú ni yóò wà lórí rẹ̀, kì í ṣe ti àwọn olóyè nìkan. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kámẹ́rà, tí kì í fi í ṣiṣẹ́ jẹun, lè mú àwòrán wá du ipò. Ẹni tí tirẹ̀ bá dára jù ni yóò bá àwọn aṣojú ẹgbẹ́ wọkọ̀ yíká àwọn ìlú tó wà nítòsí, láti Òkè-Ìlá títí dé Ìgbájọ, kó máa ya àwòrán ibẹ̀ náà. Wọn ò tíì kéde tán tí mo ti rí ara mi nínú ọkọ̀ yẹn. Ẹni tí mò ń bẹ̀rù ni akọ̀wé kóòtù, tó máa ń gbé kámẹ́rà olówó iyebíye kọ́ ọrùn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó pàdé mi lọ́nà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tíṣà, ìwọ náà fẹ́ dán an wò? O kú ìgbìyànjú o." Mo kúnlẹ̀ kí i dáadáa, mo sì gbé ìbínú délé.

Inú ìbínú yẹn ni ìyá ìbejì tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wa bá mi. Ọmọbìnrin méjì ló bí, tí ojú wọn jọra bí ẹ̀wà méjì. Kẹ́hìndé kò sí mọ́ láti ọdún tó ṣáájú, ṣùgbọ́n a kì í sọ pé ìbejì kú. Ó rìnrìn àjò ni. Wọn ò ya fọ́tò rẹ̀ rí kó tó lọ. Láti ìgbà náà ni Táíwò kò ti jẹun dáadáa mọ́, ó ń rù, ẹ̀rù sì ń ba ìyá rẹ̀ pé ó fẹ́ tẹ̀ lé èkejì rẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, bá mi ya àwọn ọmọ mi pọ̀. Bí wọ́n bá ti jókòó pọ̀, ara rẹ̀ á balẹ̀." Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílùú wa: ọmọ tó kù ni a ó yà lẹ́ẹ̀mejì, fún ara rẹ̀ àti fún èkejì rẹ̀.

Mo kun páálí kan ní dúdú, mo fi bo ìdajì ojú kámẹ́rà. Táíwò jókòó sí apá kan bẹ́ǹṣì nínú aṣọ àdìrẹ tuntun, mo yà á. Mo sún páálí náà sí ìdajì kejì, n kò yí fíìmù, kí méjèèjì lè jáde lórí àwòrán kan, mo ní kó bọ́ sí apá kejì. Ọmọ náà kò dìde. Ó ní ibẹ̀ kì í ṣe àyè òun. Ìyá rẹ̀ rọra sọ fún un pé, "Bá a jókòó síbẹ̀, òun ló rán ẹ." Nígbà náà ló sún síbẹ̀, ó sì dẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí Kẹ́hìndé ti máa ń ṣe gẹ́lẹ́. Ìyá rẹ̀ yíjú sí ògiri. Èmi tí mi ò lè dúró lójú kan rí, mo dúró gbagidi títí mo fi yà á tán.

Awakọ̀ kan ló bá mi mú fíìmù lọ sí Òṣogbo kí wọ́n fọ̀ ọ́. Bí a bá ti jáde ilé ẹ̀kọ́ báyìí, gáréèjì ni mò ń sáré lọ, débi pé àwọn ọmọ ọkọ̀ ń bi mí bóyá ọkọ mi ló ń bọ̀. Nígbà tí àwòrán dé, ti àwọn obìnrin tó ń fún epo, tí mo yà sórí fíìmù kan náà, ni mo fẹ́ mú lọ, ṣùgbọ́n ìyá ìbejì bẹ̀ mí pé kí n fi ti àwọn ọmọ òun kún un, kí gbogbo ìlú lè rí wọn lórí kàlẹ́ńdà. Mo mú méjèèjì lọ.

Lọ́jọ́ ìdájọ́, gbọ̀ngàn kún bámú. Ọ̀gá ayàwòrán kan láti Ìbàdàn ni wọ́n pè wá ṣe adájọ́. Kó tó sọ ẹni tó mókè, ó ní, "Òótọ́ ni mò ń wá. Ohun tó wà níwájú kámẹ́rà ni kó wà lórí bébà. Ẹni tó bá dá ọgbọ́nkọ́gbọ́n sí i, a ó yọ tirẹ̀ kúrò." Páálí dúdú mi ló wá sí mi lọ́kàn. Lẹ́yìn náà ló gbé àwòrán ìbejì sókè pé òun ló gba ipò kìíní, ó sì ní kí àwọn ọmọ náà jáde wá kí òun bọ̀ wọ́n lọ́wọ́.

Ìyá ìbejì fa Táíwò jáde. Ọ̀gá náà bèèrè pé, "Èkejì ńkọ́?"

Ìyá kúnlẹ̀. "Ó rìnrìn àjò, sà."

Ọmọ Yorùbá ni ọ̀gá náà. Ó wo ọmọ, ó wo àwòrán, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ó ti yé e. Akọ̀wé kóòtù náà ti dìde. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwòrán yẹn..." Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tó fẹ́ sọ. Àmọ́ bó bá wí pé ọmọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó ti sọ lójú ìyá ọmọ pé èkejì kú nìyẹn. Ìyá ìbejì gbójú sókè, ó ń wò ó. Akọ̀wé wúkọ́. "Àwòrán yẹn dára púpọ̀, sà," ló wí, ó sì jókòó.

Èmi náà lè sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Wọ́n tún ní kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni ẹnu ń sọ. Ṣé òótọ́ ni mo yà àbí ọgbọ́n? Ọ̀gá náà ló gbà mí sílẹ̀. Ó mú agolo bísíkíìtì méjì, ó kó wọn lé Táíwò lọ́wọ́, ó ní, "Gba tìrẹ, kí o sì bá èkejì rẹ gba tirẹ̀." Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún, ṣùgbọ́n ẹkún ayọ̀ ni.

Mo wọ ọkọ̀ tí mò ń lá àlá rẹ̀. Mo ya òkè Ìgbájọ láti ìsàlẹ̀, mo yà á láti orí rẹ̀, ara mi kò sì balẹ̀ síbẹ̀. Ní gbogbo ọ̀nà ni mò ń bi ara mi bóyá iṣẹ́ ọwọ́ mi ló mókè, àbí ohun tí kò sẹ́ni tó lè sọ ló gbé mi dé ibẹ̀. Ó dùn mí, n kò purọ́. Títí dòní, n kò mọ̀ bóyá ti akọ̀wé ló yẹ kó gba ipò kìíní.

Mo lọ kí Táíwò nílé rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Òun náà ti dàgbà, ó ti ní ọmọ-ọmọ. Ó mú mi dé iwájú ògiri tó gbé àwòrán náà kọ́, ó fọwọ́ kan èyí tó dẹ orí, ó ní, "Tíṣà, ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ ya èmi àti Kẹ́hìndé?" Mo dá a lóhùn pé mo rántí, àti pé àwọn méjèèjì fara balẹ̀ jókòó fún mi lọ́jọ́ náà.