Àwọn Káàdì Inú Agolo

"Màámi, nínú yunifásítì méjèèjì yìí, èwo ni kí n yàn?"

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló bi í, níbi tó ti ń ká aṣọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Kì í ṣe irú ìbéèrè tí ènìyàn máa ń bi obìnrin tí kò jókòó lórí bẹ́ńṣì ilé-ìwé rí. Ara páálí ọṣẹ àti ìwé ìròyìn àtijọ́ ló ti kọ́ ìwé kíkà fúnra rẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Ṣùgbọ́n ọmọ náà mọ ìdí tí òun fi bi í. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan, tí àwọn akáńtáǹtì ti ń yẹ ìwé owó àwọn oníṣòwò wò, ni ìyá rẹ̀ ti ń gbálẹ̀. Òun ló ń kọ́kọ́ dé láàárọ̀, òun ló sì ń ṣí yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọmọ náà fẹ́ ṣiṣẹ́. Nílé, Akọ̀wé ni ìyá rẹ̀ ń pè é.

Ọ̀kan nínú yunifásítì méjèèjì wà lórí òkè: ó ti pẹ́, orúkọ rẹ̀ sì ń dún. Èkejì wà létí odò: kò tíì pé ogún ọdún, ṣùgbọ́n níbẹ̀, ẹni tó bá ń kọ́ ìṣirò owó gbọ́dọ̀ fi odidi ọdún kan ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kí wọ́n tó fún un níwèé ẹ̀rí.

"Tèmi, Etí Odò ló wù mí," ni Akọ̀wé wí. "Ogójì péré ni wọ́n ń gbà lọ́dún. Olùkọ́ á mọ orúkọ ẹni."

"Dúró ná. A kì í fi etí gbọ́ ohun tí ojú lè rí."

Ìyá náà fa agolo mílíìkì ńlá kan yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó da ohun inú rẹ̀ sórí aṣọ. Káàdì ni, irú èyí tí wọ́n máa ń fi okùn kọ́ sọ́rùn àwọn ọ̀dọ́ tó bá wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Orúkọ wà lókè, yunifásítì wà nísàlẹ̀. Lọ́dọọdún, tí ètò náà bá parí, Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ a bá wọn nínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní kó kó wọn dànù, kò kó wọn dànù. Lójú tirẹ̀, ohun tí a kọ orúkọ ènìyàn sí kì í ṣe ìdọ̀tí. Ó sì ti rò ó, ó ti tún un rò: ẹni tí wọ́n bá gbà síṣẹ́ ti di ọmọ ilé, kí ló tún fẹ́ fi káàdì àlejò ṣe? Á bọ́ ọ sílẹ̀. Àwọn tí wọn ò gbà ló máa fìbínú gbé tiwọn lọ.

"Ó yá, kà á."

Akọ̀wé kà á. Ti ọdún méje ni. Yàtọ̀ sí ti ibòmíràn, Orí Òkè jẹ́ mọ́kànlélọ́gọ́rin. Etí Odò jẹ́ mẹ́ta.

"Háà! Mẹ́ta péré?"

"O ti fojú ara rẹ rí i."

Bí Akọ̀wé ṣe fi Etí Odò sílẹ̀ nìyẹn.

Ọdún mẹ́rin ló lò lórí òkè. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta akẹ́kọ̀ọ́ ló wà nínú gbọ̀ngàn kan. Ẹni tó bá pẹ́ dé, ojú fèrèsé ló ń jókòó sí. Olùkọ́ tó kọ́ ọ fún ọdún mẹ́ta ṣì ń pè é ní "ìwọ aláṣọ búlúù". Kò ráhùn. Máàkì rẹ̀ dára. Nígbà tó jáde, ilé-iṣẹ́ ńlá mẹ́rin ló kọ̀wé sí. Mẹ́ta kò dáhùn. Ìkẹrin, èyí tí ìyá rẹ̀ ń gbá, pè é.

"Tá a bá pàdé níbẹ̀, n kò mọ̀ ọ́, ìwọ náà ò mọ̀ mí," ni ìyá kìlọ̀.

"Màámi, ẹ ò ní rẹ́rìn-ín?"

"Èmi? Ojú mi á le bí òkúta."

Ní aago mẹ́wàá ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyá tòun ti báàkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, mà," ni Akọ̀wé wí. "Káàárọ̀, ọmọ mi," lọ̀rọ̀ tó bọ́ lẹ́nu ìyá. Kò sẹ́ni tó fura. Gbogbo ọmọ ọlọ́mọ ni àgbà ń pè bẹ́ẹ̀.

Ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ìyá dé ìdí apẹ̀rẹ̀. Káàdì Akọ̀wé ló wà lókè pátápátá. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó fi í mọ́ àyà, ó sì yíjú sí Bàbá Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ bá mi yọ̀! Wọ́n ti gba ọmọ mi!"

"Ẹ̀yin náà lọ́mọ níbẹ̀, ẹ wá dákẹ́ bí ológbò? Ẹ kú oríire o! Èwo ni nínú wọn?"

Ó na káàdì sí i. Bàbá Ọlọ́dẹ wò ó, ó wo ojú rẹ̀, ó sì ṣí fìlà.

"Níbo lẹ ti mú eléyìí?"

"Nínú apẹ̀rẹ̀."

"Ẹ jókòó ná."

"N kò jókòó. Ẹ sọ̀rọ̀."

"Àwọn tí wọ́n bá ní kí wọ́n máa lọ sílé ni mò ń gba káàdì lọ́wọ́ wọn sínú apẹ̀rẹ̀ yẹn. Àwọn tí wọ́n gbà ṣì wà lókè. Tiwọn wà lọ́rùn wọn, òun ni wọ́n á máa fi wọlé títí wọ́n á fi ṣe tuntun fún wọn. Ọdún mélòó lẹ ti lò níbí, tẹ́ ò mọ̀?"

"Mọ́kànlá."

Kò bèèrè rí. Àléébù rẹ̀ nìyẹn: ohun tó bá ti fúnra rẹ̀ kà, ó gbà pé òun ti mọ̀ ọ́n.

Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, káàdì ń mì lọ́rùn wọn. Ó ka ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí wọ́n ti ń kọjá. Etí Odò. Etí Odò. Orí Òkè. Etí Odò.

Nígbà tó délé, Akọ̀wé ti fọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, ó ti sá a sórí àga. Ó kúnlẹ̀.

"Màámi, ẹ má bínú. Mo dójú tì yín. Wọ́n ní tí ọjà inú ìwé bá ju ọjà inú ilé ìkẹ́rùsí lọ, kí ni màá ṣe? Mo sọ ohun tí ìwé wí. Ọmọbìnrin tó jókòó tì mí sọ bí òun ṣe fọwọ́ ka àpò kọ̀ọ̀kan. Èmi ò wọ ilé ìkẹ́rùsí kankan rí."

Ìyá náà lè gba ẹ̀bẹ̀ yẹn. Ó lè ní kò burú, kó gbé ọmọ dìde, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n ó fa agolo yọ, ó da àwọn káàdì sílẹ̀.

"Dìde. Ìwọ kọ́ ló yẹ kó kúnlẹ̀."

Ó sọ ọ̀rọ̀ káàdì náà bó ṣe rí, kò bù kún un, kò bù kúrò.

Akọ̀wé kó àwọn káàdì náà padà sínú agolo lọ́kọ̀ọ̀kan. Tirẹ̀ ló fi sí i gbẹ̀yìn.

"Ọdún mẹ́rin, Màámi."

Ọ́fíìsì kékeré kan, lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta táyà, ló gbà á. Ènìyàn mẹ́ta ni wọ́n níbẹ̀. Ó ń wọ ilé ìkẹ́rùsí báyìí, ó ń ka àpò, eruku á sì bo ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Tó bá délé, á tún kàwé fún ìdánwò àwọn akáńtáǹtì.

Láràárọ̀, kí Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ tó mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó ń fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ rẹ̀: ọrùn lákọ̀ọ́kọ́, ọwọ́ tẹ̀ lé e, ẹ̀yìn gbẹ̀yìn. Akọ̀wé kò bẹ̀ ẹ́ kó ṣe é. Kò sì ní kó má ṣe é mọ́. Á ní, "Ẹ ṣé, Màámi," á wọ̀ ọ́, á jáde. Kò tíì sọ pé òun ti dárí jì í, ìyá rẹ̀ kò sì bèèrè. Ṣẹ́ẹ̀tì mélòó ló máa tó ọdún mẹ́rin? Ó mọ̀ pé gbèsè náà ṣì wà lọ́rùn òun. Ó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì náà.