Ìlà Tó Wà Lábẹ́ Igi

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, nígbà tí ìjọba ní ká máa tò sẹ́yìn ẹni tí a bá fẹ́ dìbò fún, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ní Fìdítì. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń bi mí ìdí tí pápá ilé ẹ̀kọ́ wa fi gbóná bí ìdí ààrò, ẹ jókòó. Èmi ni mo fà á.

Ẹgbẹ́ olórin kan ń bọ̀ láti Èkó. Wọn yóò ṣeré ní Ìlọrá, wọn yóò padà sí Èkó, wọn yóò tún kó gbogbo lọ́rì àti jẹnẹrétọ̀ wọn wá bá wa lọ́sẹ̀ kejì. Kí àwọn lọ́rì náà lè ráyè dúró, ìgbìmọ̀ ìlú fẹ́ gé àwọn igi máńgòrò tó wà ní pápá. Bàbá mi tó ti kú ló gbìn wọ́n, nígbà tó ń ṣe tíṣà níbẹ̀.

Mọrẹ́nikẹ́, tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, dìde ní ìpàdé. "Ẹ̀yin bàbá, ẹ dákun. Èéfín lọ́rì àti jẹnẹrétọ̀ wọ̀nyí ń dá kún ooru ayé. Igi ló ń bá wa fa èéfín náà mu, òun náà lẹ tún fẹ́ gé! Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ti Ìlọrá àti tiwa ní ìrìn kan, nínú bọ́ọ̀sì kan, kí wọ́n fi iná ìjọba ṣeré lọ́sàn-án."

Bàbá Díákónì, alága ìgbìmọ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé orin ló ń mú oòrùn ràn? Àbí àwa kì í ṣe ìlú ni, tí olórin yóò fi gbé bọ́ọ̀sì kan wá bí ẹni wá kí àna?"

A ní ká tòlà dìbò: kí àwọn tó fẹ́ gé igi tò sẹ́yìn Bàbá Díákónì, kí àwa tí kò fẹ́ tò sẹ́yìn Mọrẹ́nikẹ́. Ọ̀sán gangan ni, èmi akọ̀wé ni yóò sì fi ibi tí ìlà kọ̀ọ̀kan yóò wà hàn. Mo wo Bàbá Díákónì tó ń fi ọ̀pá tilẹ̀, mo wo àwọn àgbà ẹ̀yìn rẹ̀. Ilé tí wọ́n ti kọ́ mi kò gbà kí n fi àgbà sínú oòrùn. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin ẹ tò sábẹ́ igi."

Mọrẹ́nikẹ́ fa aṣọ mi. "Akọ̀wé, abẹ́ igi kẹ̀?"

"Àgbà ni wọ́n," ni mo wí.

Háà, ojú mi rí màbo! Ìlà tiwa, tó wà nínú oòrùn, ló gùn jù nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n jiyàn títí lórí ẹni tí yóò kà wá. Aboyún kan ló kọ́kọ́ yọ́ lọ síbi ìbòòji. Ìyá arúgbó kan tẹ̀ lé e. Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ní méjì méjì, wọ́n ń fi fìlà nu òógùn, wọn ò lè wo ojú mi. Wọ́n borí wa lábẹ́ igi tí wọ́n dìbò pé kí a gé. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Àgbà pọ̀ lọ́jà wa lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n gé àwọn igi náà lulẹ̀. Olórin dé, èéfín bò wá, ó lọ, kò padà wá mọ́. Mi ò ní parọ́, orin náà dùn. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù.

Kí la jèrè? Àwọn kan ní a ṣáà gbìyànjú. Ṣé ìgbìyànjú ni yóò ṣíji bo ọmọ? A gbin igi mìíràn, ọ̀gbẹlẹ̀ pa á. A tún gbìn, ewúrẹ́ jẹ ẹ́. Mọrẹ́nikẹ́ kó kúrò nílùú. Gbèsè ìbòòji ni mo jẹ yín, ọwọ́ mi ò sì tó o mọ́.

Nígbà tí a ṣe ayẹyẹ ìparí ọdún ilé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn náà, Bàbá Díákónì fi ọ̀pá rẹ̀ kàn mí lẹ́sẹ̀. "Akọ̀wé, wá ibi tó tutù fún mi kí n jókòó."

Mo wo pápá yí ká. "Bàbá, kò sí."